Ta Ni Yóò Sùn ní Dùgbẹ̀ Lálẹ́ Ọjọ́ Ajé?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè Ìbàdàn bá ti délẹ̀, ẹnìkan kò ní ṣàì sọ pé ohun tó kù tí ìlú wa kò tíì ní ni ilé ìtura oníràwọ̀ márùn-ún ní àárín gbùngbùn ìlú, láàrin Dùgbẹ̀ sí Mọ́kọ́lá. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n ilé nìkan ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: iye àjà tí yóò ní, irú mábù tí wọn yóò tẹ́ sílẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ òkè òkun tí yóò wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, ìta ni yóò kọ́kọ́ wò. Ìwọ̀n kìlómítà kan yíká ilé náà ló máa sọ bóyá yóò jèrè tàbí yóò di ahoro.

Ẹ jẹ́ ká fi yàrá 120 ṣe ìṣirò. Ká ní kíkọ́ ilé tó dé ipele yẹn, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ amúlétutù àti ilé ìdáná, ná ni 150,000 dọ́là lórí yàrá kan. Mílíọ̀nù 18 dọ́là ni gbogbo rẹ̀. Ìlànà àtijọ́ kan wà tí àwọn oníṣirò hòtẹ́ẹ̀lì máa ń tẹ̀lé: ẹgbẹ̀rún dọ́là kọ̀ọ̀kan tí a bá fi kọ́ yàrá, kí yàrá náà máa mú dọ́là kan wọlé lóru. Èyí jẹ́ 150 dọ́là. Tí a bá ṣẹ́ dọ́là kan sí ₦1,500, ₦225,000 ni àlejò yóò san fún oorun alẹ́ kan. Ìlànà náà kò sì pé tí èèyàn kò bá máa wà nínú yàrá 65 sí 70 nínú 100, yípo ọdún.

Ní Ìbàdàn, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti ti ọjọ́ Àbámẹ́ta kì í ṣe ìṣòro. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè àti ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè ń kó èèyàn wá. Ká ní ilé náà kún dé 90 nínú 100 ní alẹ́ méjèèjì yìí, tó sì jẹ́ 40 ní alẹ́ márùn-ún yòókù. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ pín wọn sí méje, kò ju 54 lọ. Gbèsè ni. Kí ó tó dé 65, alẹ́ márùn-ún wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ kúrò ní 40, kí wọ́n dé 55. Nínú yàrá 120, yàrá 18 ni ìyàtọ̀ náà. Àlejò 18 péré ni, láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú títí dé alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Àwọn ni mo tìtorí wọn kọ lẹ́tà yìí, nítorí kò sí mábù tó lè rọ́pò wọn.

Nígbà kan, Ìbàdàn ní wọn, kódà ó ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Premier Hotel tó wà lórí Òkè Mọ́kọ́lá dìde láàrin àwọn ọdún 1960. Ẹ rántí irú ìlú tí Ìbàdàn jẹ́ nígbà náà: olú ìlú gbogbo Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Yunifásítì ti wà láti 1948, ilé ìwòsàn ńlá UCH láti 1957, tẹlifíṣọ̀n WNTV láti 1959, Cocoa House sì parí ní 1965. Mínísítà, oníṣòwò kòkó, oníṣègùn, agbẹjọ́rò àti oníròyìn ń wọlé lọ́jọ́ Ajé. Nítòsí ọjà Dùgbẹ̀ ni ẹgbẹ́ Mbari ti bẹ̀rẹ̀ ní 1961, tí àwọn òǹkọ̀wé, ayàwòrán àti eléré ń péjọ síbẹ̀. Àlejò rí ibi lọ bí oòrùn bá wọ̀. Nígbà tó di 1976 tí wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sí mẹ́ta, àwọn tó ń wá bá kọmíṣọ́nnà pín lọ sí Abẹ́òkúta àti Àkúrẹ́. Ní 1991, Òṣogbo náà gba tirẹ̀. Ilé kò kúrò lórí òkè, àlejò àárín ọ̀sẹ̀ ló dín kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ òmíràn gbọ́dọ̀ sọ fún wa ohun tí yóò rọ́pò àwọn wọ̀nyẹn.

Èkó tó súnmọ́ wa náà ń mú oorun lọ lọ́wọ́ wa. Ọ̀nà tó wà láàrin wa kò ju nǹkan bíi 130 kìlómítà. Agbẹjọ́rò tó ní ẹjọ́ ní Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, tàbí ẹni tó wá ṣe ìpàdé ní Sẹkitéríàtì Agodi, lè jáde ní ìdájí kó sì padà sùn sílé. Àwọn tí kò lè padà lọ́jọ́ kan náà sì ti ní ibi tí wọ́n ń sùn. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà láti 1967, ní ilé àlejò nínú ọgbà tirẹ̀, pẹ̀lú omi tirẹ̀, iná tirẹ̀ àti pápá tirẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti òkè òkun lè lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ kó má fojú kan Dùgbẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ohun tí ọgbà náà ní ni àárín ìlú kò ní.

Ọkọ̀ ojú irin ìbá ràn wá lọ́wọ́. Èyí tó dé Ìbàdàn ní 1901, ẹ̀gbẹ́ Dùgbẹ̀ gan-an ló balẹ̀ sí. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2021, tó rin 157 kìlómítà láti Yábàá, Móníyà ló parí ìrìn rẹ̀ sí, ó sì lé ní kìlómítà mẹ́wàá sí àárín ìlú. Àlejò tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú afẹ́fẹ́ tútù fún wákàtí méjì ààbọ̀ yóò wá máa bá onímọ́tò dúnàádúrà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Àtúnṣe èyí kò nílò irin tuntun. Bọ́ọ̀sì oníjókòó 20 mẹ́rin tó, tí wọn yóò máa gbéra ní ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin bá wọlé, yálà wọ́n kún tàbí wọn kò kún. Kí owó wọn wà lára tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, kí wọ́n dúró ní Mọ́kọ́lá, kí wọ́n parí sí Dùgbẹ̀. Ibi tí irú ètò yìí ti máa ń bàjẹ́ ni pé awakọ̀ yóò dúró kí ọkọ̀ kún. Tí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, àlejò kò ní gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́. Nítorí náà, iye ìgbà tó gbéra lákòókò ni kí wọ́n máa san owó fún awakọ̀ lé lórí, kì í ṣe iye èrò tó gbé.

Ìpàdé àpérò ló lè kó àlejò 18 wọ̀nyẹn wá jù. Ẹ tún jẹ́ ká ṣírò. Àlejò 18 lóru márùn-ún, fún ọ̀sẹ̀ 52, jẹ́ 4,680 oorun lọ́dún. Tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn, oníṣirò owó tàbí ẹnjiníà bá wá ṣe ìpàdé ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n sì gba yàrá 60 nínú ilé ńlá náà, 180 oorun ni. Ìpàdé 26 ló máa kún àlàfo náà, ẹyọ kan ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ìlú tó ní yunifásítì, UCH àti àwọn ilé ìwádìí tí a ní kò ní ìdí láti má rí ìpàdé 26 lọ́dún.

Ṣùgbọ́n ìpàdé tó gba yàrá 60 nínú ilé olówó ńlá sábà máa ń ní èèyàn 400 lápapọ̀. Níbo ni 340 yòókù yóò sùn? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùdókòwò ti máa ń ṣìnà. Wọ́n rò pé hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó yí wọn ká ń du oúnjẹ mọ́ wọn lẹ́nu. Òdìkejì rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Láìsí yàrá ₦30,000 àti ₦70,000 tó mọ́ ní ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹgbẹ́ náà kò ní wá rárá, nítorí ọ̀gá nìkan kọ́ ló ń lọ sí ìpàdé. Gbọ̀ngàn tó gba 500 ni wọ́n ń wá, pẹ̀lú yàrá ìpàdé kéékèèké mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 40 sí 60, àti íntánẹ́ẹ̀tì tó gba ojú ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọlé. Bí wọ́n bá sọ pé ilé iṣẹ́ méjì ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, ẹ béèrè bóyá inú kòtò kan náà ni wáyà méjèèjì wà. Katakata kan tó bá hú kòtò yẹn, ìpàdé ti dàrú.

Ìdajì iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀. Gbọ̀ngàn Àṣà tó wà ní Mọ́kọ́lá ṣeé tún ṣe fún ìpàdé ọ̀sán àti eré alẹ́ ní owó tó kéré sí ti ilé tuntun. Ohun tí a kò ní ni ọ́fíìsì tí yóò máa wá ìpàdé kiri. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń yan ìlú ní ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ ṣáájú. Ẹnì mẹ́ta tó mọ iṣẹ́, kàlẹ́ńdà kan tí gbogbo onílé ìtura lè rí, àti iye owó tí kò ní yí padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ síwèé: ohun tí ọ́fíìsì náà nílò kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó oṣù ẹnì mẹ́ta kò tó owó mábù.

Lẹ́yìn ìpàdé, agogo mẹ́fà àbọ̀ ti lù. Kí ni àlejò yóò ṣe? Ní Dùgbẹ̀, ilé ìtajà ń tì, àwọn ọlọ́jà ń palẹ̀ mọ́, òkùnkùn ń kùn. Àlejò tó san ₦225,000 tí kò lè rìn jáde lálẹ́ yóò kúrò lọ́jọ́ kejì dípò ọjọ́ kẹta. Oorun kan tó sọnù lórí àlejò kan nìyẹn. Àwọn kan ń sọ pé kí a kó ọlọ́pàá síta. Ọlọ́pàá dára, ṣùgbọ́n èèyàn ló ń jẹ́ kí òpópónà ní ààbò, èèyàn tó ń gbé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ àjà òkè àwọn ilé ìtajà àtijọ́ ní Gbági àti Lebanon Street ti di ibi ìkẹ́rùsí. Tí ìjọba bá dín owó ilẹ̀ kù fún ẹni tó bá sọ àjà òkè rẹ̀ di ilé gbígbé, tí ó ní àtẹ̀gùn tirẹ̀ láti ìta àti omi, fèrèsé tó ń tàn yóò wà lókè, ọmọdé yóò wà níwájú ilé, ẹni tó ń ta súyà yóò rí oníbàárà títí di agogo mẹ́wàá. Mo gbà pé èyí ló lágbára jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, òun ni wọn kì í sì í fi sínú àwòrán tí wọ́n ń gbé hàn ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀.

Iná ojú pópó ní ìlànà: òpó tó ga ní mítà 8 sí 10, kí àlàfo tó wà láàrin òpó méjì má ju mítà 30 lọ. Àwọn àtùpà olóòrùn máa ń tàn dáadáa ní ọdún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, bátìrì rẹ̀ a rẹ̀, tàbí kí olè yọ ọ́, òpó a sì di ère. Kí owó bátìrì wà nínú ìwé àdéhùn láti ọjọ́ kìíní, kí wọ́n sì gbé àpótí rẹ̀ sókè débi tí ọwọ́ kò lè tó o.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Láti Cocoa House sí Mọ́kọ́lá kò jìnnà, ẹsẹ̀ lè rìn ín ní bí ìdajì wákàtí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀ yóò bọ́ sójú títì lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ọjà àti kòtò. Mi ò sí lára àwọn tó fẹ́ kí wọ́n fi katakata lé àwọn ìyá ọlọ́jà. Dùgbẹ̀ tí kò ní ọlọ́jà kì í ṣe Dùgbẹ̀ mọ́, àlejò kò sì rìn jìnnà wá wo odi funfun. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta ààbọ̀ gba àwọn méjèèjì: mítà méjì fún ẹni tó ń rìn, mítà kan ààbọ̀ fún àtẹ, kí wọ́n fi òkúta aláwọ̀ mìíràn pààlà sí i. Ọ̀dà kò ní tó, òjò kan ni yóò fọ̀ ọ́ lọ. Kí Micra àti kórópe sì ní ibi ìdúró tó wọnú ní mítà mẹ́ta kúrò lójú títì. Tí wọn kò bá ní in, ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì ni wọn yóò sọ di ibùdókọ̀.

Ó kan iná àti omi. Ilé yàrá 120 tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru máa ń lo nǹkan bí 7,200 yúníìtì lójúmọ́. Láti oṣù kẹrin 2024 ni owó iná Band A, ìpele àwọn oníbàárà tó ń gba iná jù, ti wà, èyí tó yẹ kó máa fúnni ní iná wákàtí 20 lójúmọ́, ní owó tó lé ní ₦200 lórí yúníìtì kan. Jẹnẹrétọ̀ ńlá máa ń jẹ lítà dísẹ́lì 0.27 kí ó tó pèsè yúníìtì kan. Bí lítà bá jẹ́ ₦1,000, ₦270 nìyẹn kí a tó dárúkọ ọ́ìlì àti fílítà tí à ń pààrọ̀ ní gbogbo wákàtí 250. Nítorí náà, ìyàtọ̀ owó epo kò tó ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò. Iná tó ń ṣẹ́jú ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ yóò gbà á láàrin ìṣẹ́jú àáyá 15, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ̀rọ atutù ńlá kò gbọdọ̀ tún gbéra kíá: ó ní láti sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí gáàsì inú rẹ̀ tó fara balẹ̀. Iná tó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin láàrin wákàtí kan ti sọ yàrá di ààrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtùpà kò kú pẹ́. Tí fólíteèjì bá wá lọ sílẹ̀ láti 415 sí 340, mọ́tò yóò máa fa iná ju agbára rẹ̀ lọ, wáyà inú rẹ̀ yóò jóná. Àlejò kì í mọ èyí. Ohun tó mọ̀ ni pé ooru mú òun.

Àtúnṣe rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìlú, kì í ṣe lọ́wọ́ onílé nìkan. Ìlà 11 kV (èyí tó ń gbé iná wá sí àdúgbò) méjì tó ti ibùdó iná méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá ni kí ó pàdé ní agbègbè náà, kí wáyà wọn wà nínú ilẹ̀, kí ìlà tí àwọn wẹ́dà àti ẹ̀rọ ata ń lò yà kúrò lára ti ilé ìtura, ilé ìwòsàn àti báǹkì. Tí a bá ti ṣe èyí, jẹnẹrétọ̀ kéékèèké iwájú ilé ìtajà yóò dákẹ́. Ìyẹn nìkan tó èrè kan fún ìlú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ariwo inú yàrá oorun má ju 30 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lọ. Gíláàsì alápá méjì lè ran èyí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè borí ogójì jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́ta tó dojú kọ fèrèsé.

Ní ti omi, ẹ ka lítà 600 fún yàrá kọ̀ọ̀kan tí àlejò wà, ìfọṣọ àti ilé ìdáná wà nínú rẹ̀. Tí yàrá 84 bá ní èèyàn, 50,400 lítà lójúmọ́ ni. Ibùdó omi Eléyẹlé ti wà láti 1942, Àṣéjìrẹ́ sì tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n àwọn páìpù tó gba àárín ìlú kọjá kò ṣeé gbé ara lé. Ẹ sì rántí pé orí àpáta ni Ìbàdàn jókòó sí. Kànga ẹ̀rọ tó bá fúnni ní lítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èèyàn dúpẹ́. Irú kànga bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún wákàtí 14 lójoojúmọ́ kó tó pèsè 50,400 lítà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi inú rẹ̀ yóò sá sísàlẹ̀, pọ́ǹpù yóò máa fa afẹ́fẹ́, yóò sì jóná. Lẹ́yìn náà ni táńkà oní-10,000 lítà márùn-ún yóò máa wọ Dùgbẹ̀ lójúmọ́ láàrin súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Irin inú omi kànga tún ń bẹ. Tó bá ti ju mílígíráàmù 0.3 nínú lítà kan, aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun yóò máa pọ́n díẹ̀díẹ̀, aṣọ tó yẹ kí a fọ̀ nígbà 150 kò ní tó 60 kí ojú tó ti ilé náà. Àsẹ́ tó ń mú irin kúrò gbọ́dọ̀ wà ṣáájú ilé ìfọṣọ. Ṣùgbọ́n àtúnṣe tó tọ́ gan-an ni páìpù tuntun láti ibi ìkómisí kan lórí òkè, fún gbogbo àárín ìlú.

Omi tó wọlé yóò jáde. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, nǹkan bíi 40,000 lítà, ló ń di omi ẹ̀gbin lójoojúmọ́, Ìbàdàn kò sì ní páìpù ẹ̀gbin gbogboogbò. Kòtò tó ń fa omi ẹ̀gbin sínú ilẹ̀ (soakaway) kò lè gba iye yẹn nínú ilẹ̀ amọ̀ tó tẹ́ lórí àpáta. Wọn yóò ra ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀gbin, èyí tí kòkòrò tín-tìn-tín ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí mọ́tò ń fẹ́ sí wọn. Tí mọ́tò yẹn bá dákẹ́ fún ọjọ́ kan, kòkòrò yóò kú, òórùn yóò sì dé ibi tí wọ́n ti ń jẹun. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ iná tún padà wá.

Níbo wá ni omi tí wọ́n bá fọ̀ yóò ṣàn sí? Odò Ògùnpa ni. Ọmọ Ìbàdàn tó dàgbà kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí ìkún omi Ògùnpa ṣe ní 31 oṣù kẹjọ 1980 fún un. Odò yẹn ni ọ̀gá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé kò sí ìlà iná tàbí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí yóò pẹ́ bí ó bá tún gbéra. Kíkó ìdọ̀tí inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí kí oṣù kẹta tó tán, kì í ṣe ìgbà tí òjò bá ti ń rọ̀. Kí ọmọrí gọ́tà jẹ́ èyí tí ènìyàn méjì lè gbé. Wọ́n ti fi kọnkéré bo àwọn mìíràn pa, kò sì sí ẹni tó lè dé inú rẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ni, ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà ní Ìbàdàn, márùn-ún nínú wọn ló pín àárín ìlú mọ́wọ́. Ìdọ̀tí tí ọ̀kan bá kó kúrò, omi yóò gbé ti èkejì wá síbẹ̀. Odò náà nílò àjọ kan ṣoṣo tó ní owó tirẹ̀ láti orísun dé ìsàlẹ̀. Ní ti ilé ìtura náà fúnra rẹ̀, kí wọ́n má gbé jẹnẹrétọ̀ àti àpótí iná sí abẹ́ ilẹ̀. Àjà kìíní ni àyè wọn.

Nípa iná tó ń jó ilé, Cocoa House jóná ní 1985, ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà kí ó tó padà bọ̀ sípò. Ilé gíga nílò àtẹ̀gùn àsálà méjì àti omi paná tí wọ́n fi pamọ́ lọ́tọ̀, èyí tí ilé ìfọṣọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ìlú sì gbọ́dọ̀ pèsè ẹnu omi paná lẹ́bàá títì àti ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná lè gbà láìbá àtẹ pàdé.

Òṣìṣẹ́ tó tó 180 ni irú ilé yìí máa ń gbà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán máa ń jáde ní agogo 10 tàbí 11 alẹ́. Ìyá tó ń gbé Apata tàbí Ọlọ́dó, kí ni yóò gbé e délé? Bí bọ́ọ̀sì ìlú kò bá ṣiṣẹ́ títí di agogo 11, onílé ìtura yóò ra bọ́ọ̀sì tirẹ̀, yóò sì fi owó rẹ̀ kún owó yàrá. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó orí. Láti 2013 tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ ìforúkọsílẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì wà, ó yẹ kí ìwé sísan jẹ́ ẹyọ kan, ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, dípò kí àwọn agbowó mẹ́ta máa wọlé lọ́sẹ̀ kan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ. Bódìjà ní gbogbo ohun tí ilé ìdáná nílò, àfi yàrá tútù àti ẹni tí yóò ṣa tòmátò ní ìwọ̀n kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí ni ilé ìtura ní Ìbàdàn tí kò ní àmàlà lórí tábìlì, tàbí tó ro ó láàárọ̀ tó gbé e sínú àpótí gbígbóná títí yóò fi le. Àmàlà kì í dúró de àlejò. Ó yẹ kí wọ́n máa ro ó bí ẹni náà bá ti jókòó, kí gbẹ̀gìrì àti ewédú wà lórí iná. Àlejò lè rí ẹyin díndín níbikíbi láyé.

Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbèrò ilé yìí pé, kí wọ́n tó fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n rìn láti Cocoa House dé Mọ́kọ́lá ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ajé kan. Kí wọ́n ka iye àtùpà tó ń tàn, iye ilé ìtajà tó ṣì ṣí, iye ìgbà tí wọ́n bọ́ sójú títì, kí wọ́n sì fi iye náà ránṣẹ́ sí yín kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn